Ẹsẹ̀ Òsì Àmírà

                                        Flat 14, Bexhill House,
                                        Peckham,
                                        London, SE15.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ ti mókun lẹ́yìn ibà tó dá a dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa nílé ìwé? Ìyá wa ńkọ́, pẹ̀lú orúnkún wọn tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ ti ń yọjú ní Ẹdẹ. Ọyẹ́ tiyín ṣì dára, ó máa ń kí ènìyàn létè kó tó wọlé. Òtútù ibí kì í kí ẹnikẹ́ni, inú egungun ló ń gbà lọ tààrà. Èmi náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń gbà.

O ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé sórí pépà bí ará ayé àtijọ́ nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ sórí fóònù ni. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́, mo mọ̀ pé o ó gbé e sókè kí Ìyá lè gbọ́, àwọn ọmọ rẹ á sì máa tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Yaqub tó ń tún fóònù ṣe ní Rye Lane ló ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ìwọ nìkan ni kí o kọ́kọ́ kà á. Bó bá yá, o ó mọ èyí tí o máa sọ fún Ìyá.

O mọ iṣẹ́ mi, àbí o rò pé o mọ̀ ọ́n. Ìyá ń sọ káàkiri àdúgbò pé ọmọ òun ń ya fọ́tò egungun fún àwọn òyìnbó. Mi ò ta ko ọ̀rọ̀ náà rí, ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò ya fọ́tò kankan rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi nu ilẹ̀ nílé ìwòsàn ní Camberwell. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ iṣẹ́ kóòdù ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún oṣù mẹ́jọ, tí ilé ẹ́ksíréè kékeré kan lẹ́yìn Walworth Road sì gbà mí. Bí wọ́n bá ya fọ́tò egungun aláìsàn tán, dókítà á wò ó, á sọ ohun tó rí sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbọ́ ohùn yẹn tí mo máa ń sọ ọ́ di nọ́ńbà: ta ni, ẹsẹ̀ wo ni, ọ̀nà mélòó ni wọ́n gbà yà á, kí ni wọ́n rí níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nọ́ńbà kan ṣoṣo la fi ń kọ fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìgbáròkó dé ìka. Bó bá ti lé lọ́dún kan, itan ní tirẹ̀, orúnkún ní tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ń wò kí wọ́n tó sanwó. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ì bá sàn. Nọ́ńbà yẹn kan náà ló ń wọ inú fáìlì ọmọ, òun ló ń ṣáájú ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà egungun. Ohun tí mo bá tẹ̀ ni ọmọ náà jẹ́, títí ẹnìkan yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Ẹyin ni nọ́ńbà náà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi ní àga yẹn ni mo ti ń retí ẹni tí yóò wá sọ pé kí n dìde. O rántí pé ìwọ lo yege nínú ìṣirò. F9 ni tèmi, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí Rosaline, mánéjà wa, bá ti pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, kódà bó jẹ́ pé ó fẹ́ fún mi ní bisikí ni, àyà mi á kọ́kọ́ já.

Ó wá dé lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá, wọ́n gbé ìbejì kan wá fún ẹ́ksíréè ẹsẹ̀, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n ti lé díẹ̀ lóṣù mẹ́rin. Orúkọ tí mo máa fi pe ìdílé náà nínú lẹ́tà yìí kì í ṣe orúkọ wọn, torí òfin iṣẹ́ wa kò fàyè gbà á, èyí tí mo ti rú tẹ́lẹ̀ sì ti tó gẹ́ẹ́. Ká máa pe àwọn ọmọ ní Àmírà àti Nusaybah. Kíkí ni ìyá wọn, Waris ni bàbá wọn. Èmi àti Alhaja Sìdíkàt, ìyá Kíkí, la jọ ń ṣe àsàlátù. Mo wà níbi tí wọ́n ti sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ. Mo mọ̀ pé Àmírà ló kọ́kọ́ jáde, tí Nusaybah sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kò sí ẹni tó fura sí ẹsẹ̀ wọn o. Ìjókòó ni àwọn méjèèjì wà nínú ìyá wọn, wọn ò dorí kodò, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń yẹ ìgbáròkó rẹ̀ wò níbí. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn ní àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń kó ilé. Ìdí nìyẹn tí Waris fi lo inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa.

Dókítà Vincent ló wo fọ́tò. Àgbàlagbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ọjọ́ méjì péré ló ń wá lọ́sẹ̀. Ó yẹ kó sọ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó dárúkọ rẹ̀, kó sì dárúkọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ó ń sáré lọ bá rélùweè, ó bá kó ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀: ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì náà, orí egungun itan òsì kò jókòó sínú ihò rẹ̀, àbúrò, kò sí ìṣòro. Ó tán.

Ìlànà wa ni pé bí kò bá ti sí orúkọ, kí n dá a padà fún un. Kẹ́hìndé, mi ò dá a padà. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n kẹ̀? Ta ni kò mọ ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì? Ẹni tó gbẹ́yìn ni, ẹni tó rán àbúrò rẹ̀ ṣíwájú pé kó lọ wo bí ayé ṣe rí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, tí o ń mú ẹran tó tóbi jù, tí o sì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo tẹ ẹsẹ̀ tí kò dára fún Nusaybah, mo tẹ èyí tó dára fún Àmírà. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo mọ àwọn ọmọ náà, pé iṣẹ́ náà yá. Mo dìde, mo lọ po tíì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú kan, a parí àsàlátù, a ń pín mọ́ínmọ́ín nínú gbọ̀ngàn, mo rí i pé Alhaja Sìdíkàt jókòó sí ìkángun bí ẹni tí wọ́n bá wí. Mo lọ kí wọn. Wọ́n ní lẹ́tà ti dé láti ilé ìwòsàn pé kí wọ́n gbé Nusaybah wá lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá, torí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló fà á. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ ni wọ́n máa ń fi òrí pa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà, tí wọ́n á sì nà án kó gún, bí ìyá tiwọn náà ṣe ń ṣe. Láti ìgbà tí lẹ́tà ti dé, bí ẹyin ni wọ́n ń gbé Nusaybah, Waris sì ti ń kí wọn bí ẹni tó ń kí ọlọ́pàá.

Kíkí ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, "Mummy, nobody said it's you now."

Alhaja ní, "Ẹnu ò sọ ọ́. Ojú ń sọ ọ́."

Mo bèèrè Àmírà. Alhaja ní, "Àmírà? Ìyẹn le bí irin. Òun ni mo ṣì ń nà. Mò ń fà á dáadáa, ká kúkú rí ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gún nínú wọn."

Kíkí bú sẹ́rìn-ín. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, bó bá ń sọ Yorùbá, ńṣe ló dà bí ẹni tó gbé ànàmọ́ gbígbóná sẹ́nu. Ó ní, "Aunty Táyé, tí mo bá ń change nápì ẹ̀, ẹsẹ̀ òsì yẹn, ó máa ń ké gan-an o. Mummy ní ó ń jowú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n! Àmírà tó fi eleven minutes ṣáájú. Yoruba maths, innit."

Alhaja ní kó panu mọ́, pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ ló jù ni lọ, ibi yòówù kó jókòó sí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé mọ́ínmọ́ín ọwọ́ mi kalẹ̀. Òyìnbó ni Dókítà Vincent. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n. Àmírà ló ní ẹsẹ̀ tí kò dára, Àmírà tí wọ́n ń fà láràárọ̀.

O rò pé mo sọ̀rọ̀? Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní kí Alhaja má fa ẹsẹ̀ ọmọ kankan mọ́. Wọ́n ní kí ló dé, mo ní ìgbà òtútù ni, egungun ọmọdé kì í fẹ́ ẹ. Irọ́ tó yá sí mi lẹ́nu nìyẹn, mo sì sá lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn, mo ṣí fáìlì àwọn ọmọ náà, mo pààrọ̀ nọ́ńbà wọn ní jẹ́ẹ́jẹ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mo sọ fún ara mi pé ó ti tán. Mo mọ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́ pé kò tán, torí èyí tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa ti dé ilé ìwòsàn, ohun tí mo bá yí padà lórí tábìlì mi kò lè lọ bá a níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, mo ń lọ, mo ń bọ̀. Mi ò lè jókòó. Bọ́ọ̀sì á dé, mi ò ní wọ̀ ọ́, mo máa fẹsẹ̀ rìn láti Walworth dé Camberwell Green, kí n tún rìn wá sí Peckham. Mo ti kà á pé bí ọmọ bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń tún ìgbáròkó ṣe lè má ṣiṣẹ́ mọ́, ó lè di iṣẹ́ abẹ àti POP láti àyà dé ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa pé oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ni ọjọ́ tí wọ́n dá, fún ọmọ tí kò ní àìsàn.

Mo fẹ́ kí ohun kan yé ọ, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Nígbà tí mò ń rìn kiri yẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ ni mò ń rò. Àga mi ni. Mò ń rò ó pé wọ́n á lé mi, pé Ìyá á gbọ́, pé èmi náà á gbà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti tó o. Èmi tí mo gbé ọmọ yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Alhaja pè mí lórí fóònù pé kí n bá àwọn ṣàdúà fún Nusaybah. Bí wọ́n ṣe fẹ́ pa fóònù, wọ́n ní Àmírà náà ti ń yọ àwọn lẹ́nu, ó ké nígbà ìwẹ̀ láàárọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo ní, "Alhaja, ṣé ẹ ṣì ń nà án ni?" Wọ́n ní àwọn ti padà sí i, pé Waris ti tan hítà, òtútù tí mo wí kò sí nínú ilé mọ́.

Irọ́ mi ò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo lọ bá Rosaline kó tó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀. Ọmọ Sierra Leone ni, kì í pariwo. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó pe Dókítà Vincent, a jọ gbọ́ ohùn tó gbà sílẹ̀. Dókítà ní ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n, ta ni ì bá tún jẹ́? Kò bínú, ó kàn yà á lẹ́nu ni. Mo ṣàlàyé tiwa fún un, pé Táyé ni wọ́n ń rán, Kẹ́hìndé ló ń ránni. Ó ní òun náà jẹ̀bi, òun kò dárúkọ.

Rosaline bi mí pé, "Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

Mo ní láti ọjọ́ Àìkú.

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní àṣìṣe ní ibi tí òun máa ń kọ ọ́ sí nínú ìwé, kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni òun kò mọ ibi tí òun máa kọ ọ́ sí. Ká ní ó nà mí lẹ́gba, ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé fóònù, ó pe ilé ìwòsàn, ó pe Kíkí. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní kí Àmírà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sílé wọn. Waris ló ṣílẹ̀kùn, ó yà fún mi kí n wọlé. Mo kúnlẹ̀ níwájú Alhaja. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi lo jẹ́ kí n fi pa ọmọ lára, Táyé. Ọwọ́ tèmi." Mo ní kí wọ́n forí jì mí. Wọ́n ní, "Kẹ́hìndé rán ọ ṣíwájú kó o wo ayé wá. Kí lo wò? Òdì lo wò, òdì lo jẹ́ níṣẹ́." Wọn ò ní kí n dìde. Kíkí ló fà mí dìde, ó ní, "Aunty, your knees, abeg." Waris wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní kí wọ́n má bínú sí ojú tí òun ń fà ro sí wọn láti ọjọ́ wọ̀nyẹn. Alhaja ní kó dìde, pé ó ti ń tẹ bàtà ọmọ mọ́lẹ̀.

Mo rò pé ó parí láàárín èmi àti wọn. Ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, fóònù mi dún. Alhaja ni. "Ṣé o ò ní bá wa lọ ni? Àbí o fẹ́ ká tún gbé ọmọ mìíràn lọ?" Mo sáré wọ bàtà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bèèrè èwo ni Àmírà, àwa mẹ́ta la nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ó ka orúkọ tí wọ́n so mọ́ ọmọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó ka ọjọ́ ìbí, ó tún un kà. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Dókítà egungun wọ bẹ́líìtì náà fún Àmírà, ó ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ya itan rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Alhaja sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ṣebí bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n ni wọ́n ṣe é yìí?" Kíkí túmọ̀ rẹ̀. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni o, pé bí a ṣe ń pọnmọ máa ń dára fún ìgbáròkó, fífà á kó gún ni kò dára. Alhaja padà lọ jókòó, wọ́n tẹ́ ọwọ́ wọn méjèèjì sórí itan, wọ́n ń wò ó.

Bó ṣe rí nìyẹn. Dókítà ní a tètè dé díẹ̀, kò ṣèlérí. Oṣù Kìíní ni wọ́n máa tún ya fọ́tò. Wọ́n ti gba iṣẹ́ kóòdù lọ́wọ́ mi ná, wọ́n ń tú fáìlì gbogbo ìbejì tí mo ti kọ láti ọdún méjì ààbọ̀. Mẹ́rìnlá ni. Wọ́n ti wo méje, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń dúró de ti ìkẹjọ. Kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á kọ̀wé sí mi bóyá mo ṣì ní àga tàbí mi ò ní in. Mo ti béèrè ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan bóyá wọ́n ń wá ẹni tó máa nu ilẹ̀, ó kàn jẹ́ pé mi ò lè jókòó lásán ni. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló rẹ̀ mí, Kẹ́hìndé, kì í ṣe iṣẹ́. Bí mo bá dìde, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ń kírun, ó wà níbẹ̀.

Ní ti Ìyá, sọ ọ́ fún wọn. Sọ fún wọn pé Táyé kì í ya fọ́tò, nọ́ńbà ló ń kọ, ó sì kọ ọ̀kan ṣì. Bí wọ́n bá sunkún, jẹ́ kí wọ́n sunkún. Lẹ́yìn náà, sọ fún wọn pé lánàá, Alhaja gbé Àmírà fún mi pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, wọn ò sọ ju "Gbà á, kí n lọ ṣàlùwàlá" lọ, ọmọ náà sì fi ẹsẹ̀ òsì ta mí níhà. Ó dùn mí díẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí Ìyá Alágbàdo tó wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Fi òróró pa orúnkún Ìyá fún mi, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má ṣe fà á.

Èmi ni àbúrò rẹ tó ṣáájú rẹ dé,

Táyélolú Àsúmáù.